Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Ojú Gúnrégé

Ìjà aṣọ ni ọ̀rọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Ta ló tún fa aṣọ dúdú bo fèrèsé yìí?" Mo gbójú sókè níbi tí mo ti ń lọṣọ. Kò sí aṣọ kankan lójú fèrèsé. Alágbàfọ̀ ni mí, òótọ́ ni pé aṣọ wà káàkiri ilé wa, lórí okùn, lórí àga, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, débi pé ọkọ mi a máa sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá òun tì, kí wọ́n kọ́kọ́ tú aṣọ aláṣọ wò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo ti kó gbogbo rẹ̀ lọ fún àwọn tó ni ín. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ tún ti dé! Aṣọ wo lẹ rí? Ṣé aṣọ tó ń bọ́ wa náà lẹ fẹ́ máa bá jà?" Ó ní kí n má bínú. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń ká aṣọ kúrò lọ́nà, ó sì jókòó.

Odidi ọjọ́ méjì la fi ja ìjà aṣọ náà. Bí mo bá gbé tíì síwájú rẹ̀, á ní kí n bá òun sún aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá jọ ń rìn lójú pópó, á máa yà fún ohun tí èmi ò rí. Mo lẹ́nu, ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bú aṣọ, mo bú oòrùn, mo bú àwọn tó ń fi iṣẹ́ pa ọkọ ọlọ́kọ. Bẹ́ẹ̀ ó ti sọ ṣáájú pé àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké ń fò lójú òun, pé nǹkan ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òun bí òun bá wọ ibi tó ṣókùnkùn. Eruku sìmẹ́ǹtì ni àwa méjèèjì pè é. Lọ́jọ́ kẹta, ó fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn, férémù tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sínú ògiri. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa igi náà, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá wa, aṣọ yẹn ti dé àárín." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé inú ojú rẹ̀ ni aṣọ náà wà. Mo gbàgbé ohun tí mò ń ṣe, áyọ́ọ̀nù sì jó aṣọ oníbàárà mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bà mí lẹ́rù bẹ́ẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ọkọ mi fi ń ríran. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, kó tó mọ̀ mí, èérún òkúta kan ta sí i lójú òsì, láti ìgbà náà ni ojú yẹn kò ti mọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn lọ. Ojú ọ̀tún ló fi kọ́ ilé fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ojú ọ̀tún náà ni aṣọ wá ń bò yìí.

Gúnrégé ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, nítorí ohun gbogbo tó bá fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ gún régé. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì kì í kúrò lápò iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn igi ìwọ̀n tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró dáadáa. Omi wà nínú gíláàsì kékeré kan láàárín igi náà, atẹ́gùn róbótó kan sì ń rìn nínú omi yẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ ni òun ń pè é. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá dúró láàárín ilà méjì, iṣẹ́ gún. Bó bá yà sápá kan, ẹ wó o, kí ẹ tún un kọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ yàrá mi, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, kò wo ojú mi, kò wo ìdí mi. Tábìlì ìlọṣọ mi ló ń wò. Ó yọ lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, ó gbé e lé e, ó mi orí, ó ká bébà kékeré kan sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà. Ó ní, "Ó ti gún báyìí." Mo bi í pé ta ló rán an níṣẹ́. Bébà yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, èmi náà sì wà níbẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà ojú tó gbà wá jẹ́ obìnrin kékeré kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó wo ojú náà títí, ó ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn inú ojú, òun ni ẹ̀dá fi ń rí nǹkan. Awọ yẹn ló ya létí lápá ọ̀tún, omi gba ibẹ̀ wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń ṣí i kúrò. Ọkọ mi ní, "Bíi sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, tí omi bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé." Dókítà ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni." Ó ní kò sí àkókò mọ́, ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣe é. Wọ́n fa omi inú ojú jáde, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ gán etí tó ya, wọ́n wá fọn atẹ́gùn kan sínú ojú náà kó lè máa ti awọ yẹn mọ́ ara ògiri rẹ̀ títí yóò fi lẹ̀.

Dókítà pe èmi àti ọkọ mi. Ó ní, "Ẹ fetí sílẹ̀ o. Atẹ́gùn kì í dúró nísàlẹ̀ omi, òkè ló máa ń lọ. Apá ọ̀tún ni ibi tó ya wà, nítorí náà apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ wà lókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni Bàbá máa fi sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni wọ́n máa fi gbórí lélẹ̀ tọ̀sán tòru, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Kí wọ́n dìde jẹun díẹ̀, kí wọ́n dìde lọ sí balùwẹ̀, kí wọ́n padà síbẹ̀. Tí atẹ́gùn yẹn bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ pẹ́, awọ náà lè tún ṣí. Tó bá sì tún ṣí, mi ò lè ṣèlérí." Wọ́n ti fi báńdéèjì dí ojú ọkọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan lórí bẹ́ẹ̀dì. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín dandan. Mo wá sọ pé, "Bàbá wa, ṣé ẹ rí i? Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ni wọ́n fi sí yín lójú!" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn. Inú mi dùn sí ẹnu ara mi. Mo sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, mo sọ ọ́ fún awakọ̀ tó gbé wa délé, mo pe ọmọ wa obìnrin tó ń ṣe tíṣà níbi tó jìnnà, mo sọ ọ́ fún òun náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti wí, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí nígbà tó bá ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu?

A wá wọnú àwọn ọjọ́ kan tí mi ò lè kà tán dòní. Mo fa aṣọ funfun bo fèrèsé, lọ́tẹ̀ yìí aṣọ gidi ni, mo sì gbé tábìlì ìlọṣọ wá sínú yàrá kí ọkọ mi má baà dá wà. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú aṣọ náà wọlé, ó rọ̀, kò ní òjìji. Mò ń lọṣọ, ooru omi ń gòkè láti ara aṣọ, ó ń rìn yíká yàrá, ó ń lọ bà lórí ọkọ mi níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Mò ń kán oògùn sí i lójú lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, mò ń fi oògùn ọlọ́ràá pupa rúsúrúsú pa á lábẹ́ ìpéǹpéjú, mò ń fi ike róbótó bò ó padà. Èmi náà kì í mọ̀ mọ́ bóyá àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń sùn lórí ìdúró, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ ni yóò jí mi.

Nítorí ó ń sọ̀rọ̀. Ọkọ mi tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́ wá ń sọ̀rọ̀ bí omi ẹ̀rọ tí wọn kò tì dáadáa. Ó ní inú ojú òun rí bí ìgbà tí ènìyàn wà ní ìsàlẹ̀ kànga tó ń wo òkè, pé ìmọ́lẹ̀ ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀, pé nígbà tí mo bá kọjá òun ń rí mi bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi. Ó ní òun ń rìn nínú gbogbo ilé tí òun ti kọ́. Á ní, "Mo wà nínú ilé alájà méjì yẹn, èyí tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Mo ti dé ìkọkànlá." Mà á ní, "Ẹ rọra o, ẹ má ṣubú." Á fi ìka ka mẹ́fà tó kù sórí bẹ́ẹ̀dì, á wá ní, "Mo ti dókè. Ẹnì kan sá aṣọ síbẹ̀." Mà á ní, "Èmi ni." Ẹ̀rín á pa àwa méjèèjì. Mo fẹ́ràn àwọn ọjọ́ yẹn, kí n má purọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì fẹ́ràn wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí wa lọ́jọ́ karùn-ún. Kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún. "Yéè, àbúrò mi, ojú kan tó kù!" Ọkọ mi yára kí i, ṣùgbọ́n àga tí mo kó aṣọ lé lórí ló kọjú sí. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti sanra sí i." Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ ẹkún lójijì, ó ní, "Ta ló sanra?" Mo sá lọ sí ilé ìdáná kí n lè rẹ́rìn-ín tán.

Aṣọ ìrọ̀rí ló tú àṣírí. Ojoojúmọ́ ni mò ń pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ oníbàárà, mo kó wọn jọ sínú bàsíà kan láìfọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ keje, mo gbé bàsíà náà bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin ẹ gbọ́, alágbàfọ̀ kì í fọ aṣọ kó má kọ́kọ́ kà á. Àbàwọ́n ní ẹnu. Mo mọ ẹni tó ń jẹun lórí bẹ́ẹ̀dì, mo mọ ẹni tó sọ fún ìyàwó pé òun ò mu sìgá mọ́. Mo tẹ́ aṣọ ìrọ̀rí ọjọ́ kìíní sínú oòrùn: ẹ̀gbin díẹ̀ níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì gbé wà, kò sí nǹkan mìíràn. Ti ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Mo tẹ́ ti ọjọ́ kẹta. Òrùka pupa rúsúrúsú kan wà láàárín rẹ̀ gbàǹgbà, ó tóbi tó ẹnu ife. Ti ọjọ́ kẹrin ní i. Ti ọjọ́ karùn-ún àti ti ọjọ́ kẹfà ní i, ó tún pọ̀ sí i.

Oògùn ọlọ́ràá nìyẹn. Etí ike tí mo fi ń bo ojú ọ̀tún rẹ̀ nìyẹn. Ojú ọ̀tún tó yẹ kó wà lókè, tí kò gbọdọ̀ fara kan ìrọ̀rí rárá. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù láàárín àwọn aṣọ ìrọ̀rí náà, mo sì ń wo òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bí mo ṣe wọlé báyìí, mi ò kan ilẹ̀kùn. Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ọkọ mi, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ náà ẹnu mi yọ. Mo ní, "Ìwọ! Kí lò ń fi ojú yẹn ṣe tí mo bá jáde? Kí ló dé tí o fi ń dojú bo ìrọ̀rí? Ṣé o fẹ́ fọ́jú ni? Sọ fún mi kí n mọ̀, kí n lọ wá ọ̀pá fún ọ!" Mo ju aṣọ ìrọ̀rí náà lé e láyà. Ó fọwọ́ wá a, ó di í mú, kò mọ ohun tó jẹ́. Ó ní, "Mò ń tún un ṣe ni."

"Kí lò ń tún ṣe?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ náà." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ọmọdé. "Tí mo bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ. Mò ń rí i, ó yà sápá kan gbáà. Ọwọ́ mi ń yún mi, Ìyá wa. Mi ò lè máa wo ìlẹ̀kẹ̀ tó yà kí n sùn. Tí o bá ti jáde, tàbí tí o bá ń sùn, mo máa ń rọra dojú bolẹ̀ títí yóò fi dé àárín. Tó bá ti dé àárín, ọkàn mi á balẹ̀. Ìwọ náà lo sọ pé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ni."

Èmi! Èmi tí mò ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn kiri! Dókítà fi ìlànà fún un ní ọsibítù, èmi fi òmíràn fún un lórí òkè ìlànà náà, òun sì tẹ̀lé èyí tó ti mọ̀ láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sunkún. Mo ní, "Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kò yé e.

A padà sí ọsibítù láàárọ̀ náà. Dókítà tan iná sí ojú náà fún ìgbà pípẹ́, mò ń ka èémí ara mi. Nígbà tó gbórí sókè, kò bú wa. Ó ní, "Etí kan ti ń ṣí. Díẹ̀ ni. Màá tún fi iná gán an lónìí. Atẹ́gùn tó wà níbẹ̀ ṣì tó, ṣùgbọ́n ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mẹ́wàá lákọ̀tun. Bàbá, èyí ni àǹfààní tó kù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì." Ọkọ mi ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì," bí ọmọ ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí a délé, mo jókòó tì í, mò ń wò ó. Kò pẹ́ tí oorun gbé e lọ ni ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, bí òdòdó oòrùn tó ń tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀. Mo di orí rẹ̀ mú, mo dá a padà. Ó jí, ó ní, "Ó tún lọ? Èmi kọ́ o, orí mi ni." Mo fi aṣọ dí i lẹ́yìn, ó yí. Mo fi ìrọ̀rí méjì há a, ó yí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ara tó ti ń wá àárín láti ìgbà ọmọdé pé kó má wá a mọ́? Ọjọ́ mẹ́wàá, ojú kan. Èmi náà ní láti sùn nígbà kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni, mo lọ da omi aṣọ nù ní balùwẹ̀. Mo dúró, mò ń wo omi náà bó ṣe ń lọ. Ó rẹ̀ mí débi pé omi lásán ń wù mí wò. Ó tàn ká ilẹ̀, ó kó ìfófòó funfun rẹ̀ jọ, gbogbo rẹ̀ sì rọra wọ́ lọ síbi ihò, kò ku ìkán kan. Ọkọ mi ló ṣe ilẹ̀ yẹn, ọdún tí a kó dé ilé yìí. Mo wá rántí. Mo rántí pé èmi ni mo mú iná dání fún un, pé ó gbé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì sílẹ̀, tí mo sì fi ọgbọ́n ìyàwó tuntun pariwo pé, "Ẹ wò ó, kò sí láàárín o! Ó yà!" Ó fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo sáré wọ yàrá, ọwọ́ mi ṣì tutù. Mo ní, "Bàbá wa, ẹ sọ fún mi. Ilẹ̀ balùwẹ̀, níbo ni ìlẹ̀kẹ̀ máa ń wà?"

Ó ronú. "Ó máa ń yà díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kúrò láàárín."

"Tó bá wà láàárín ńkọ́?"

"Háà, ta ló ṣe é? Omi á dúró síbẹ̀! Á máa wọ abẹ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sìmẹ́ǹtì á ṣí, ilé á jẹrà. Kò sí bíríkìlà tó mọ̀ṣẹ́ tó máa fi ìlẹ̀kẹ̀ balùwẹ̀ sáàárín."

Mo ní, "Ó dáa. Dókítà yẹn kò kọ́ ògiri sí yín lójú. Irọ́ ni mo pa. Balùwẹ̀ ló ṣe. Omi ló fẹ́ kó lọ."

Mo rí i tí iwájú orí rẹ̀ ń hunjọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù wò lọ́wọ́. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀dì ń mì. Mo ní kó má mi orí, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú kí orí náà lè dúró. Ó ní, "Balùwẹ̀! Kí ló dé tí obìnrin yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?" Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lélẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìrọ̀rí dáadáa. Ó ní, "Ó yà. Ó yà dáadáa." Ó sì sùn. Mo jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko, ọrùn rẹ̀ kò yí. Àárọ̀ ọjọ́ kejì mo tẹ́ aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀ sínú oòrùn, mo kà á lójú méjèèjì. Funfun báláú.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá pé, dókítà ní awọ náà ti lẹ̀. Ó ní kó máa jókòó báyìí, atẹ́gùn náà yóò máa dínkù fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sí ojú ayé ọkọ mi, láti orí wá sísàlẹ̀. Nítorí ìsàlẹ̀ ìríran rẹ̀ ni atẹ́gùn náà dúró sí, bí omi nínú gíláàsì, òkè rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ mọ́. Ó kọ́kọ́ rí àjà ilé. Ọjọ́ kejì ó rí òkè ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kẹrin ó rí ìborí mi, ó ní àwọ̀ rẹ̀ kò bá mi mu. Lẹ́yìn náà ó rí iwájú orí mi, lẹ́yìn náà ojú mi. Mo dúró níwájú rẹ̀ láràárọ̀ kó lè sọ ibi tí omi dé. Ó ní, "Ó ti dé imú rẹ." Ó ní, "Ẹnu rẹ ti jáde, ẹ gbà wá o." Lọ́jọ́ tí gbogbo ojú mi yọ tán, ó wò mí pẹ́, kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, "O ti rù." Atẹ́gùn náà kéré títí ó fi dà bí ọsàn, títí ó fi dà bí bọ́tìnì. Lówùúrọ̀ kan tí mò ń sá aṣọ, ó pè mí láti ojú fèrèsé pé, "Ó ti lọ!" Mo ju aṣọ aláṣọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì jó.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i tó máa ń dúró níwájú férémù ilẹ̀kùn, tó máa ń fi ìka tọ igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí á wá mi orí. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì ti kúrò nínú àpò iṣẹ́, mo bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi àkísà wé e. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ohun gbogbo wọ́. Mò ń rí i, ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ilẹ̀kùn ń jó. Ògiri tí mo fi ọwọ́ mi kọ́ ní ikùn." Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, pé awọ tó ti ṣí rí kì í sábà tẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, pé ó lè dára sí i tó bá pẹ́, ó sì lè má dára tán. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó délé, ó jókòó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pè é, "Ọ̀gá Gúnrégé, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Ó ní kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó dùn mí. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wo ìjókòó yẹn, ìbínú mi dé. Mo fa lẹ́fẹ̀ẹ̀lì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tú àkísà, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Eruku ọ̀nà ń ba aṣọ mi jẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ ògiri, kó ga dé ìgbáròkó mi."

Ó ní, "Ta ló máa wo ìlẹ̀kẹ̀?"

Mo ní, "Ta ló ka aṣọ ìrọ̀rí?"

Ọjọ́ kẹta la bẹ̀rẹ̀. Ó ń po sìmẹ́ǹtì, ó ń gbé búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì lé e, mò ń pè é fún un: "Ó yà sápá ọ̀dọ̀ mi. Ẹ gbá a díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ó wà láàárín." Kò jiyàn. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, bó ṣe ń gba ohun tí mo bá sọ. Nígbà tó di ìlà búlọ́ọ̀kù kẹrin, oòrùn ti mú, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo wò ó fìrí, mo ní, "Ó wà láàárín." Ó na ọwọ́ sí búlọ́ọ̀kù tó kàn. Mo tún un wò. Ìlẹ̀kẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ilà. Ẹlòmíràn kò ní mọ̀. Mo ní, "Ẹ dúró. Irọ́ ni mo pa. Ó yà díẹ̀." Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Mo dojú kọ gíláàsì kékeré náà títí atẹ́gùn inú rẹ̀ fi fara balẹ̀.

"Ó wà láàárín," mo ní.

Ọkọ mi fà sẹ́yìn, ó wo ògiri náà pẹ̀lú ojú kan tó kù fún wa. "Lójú tèmi, ó wọ́ bí ejò."

"Ó wà láàárín."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó gbé búlọ́ọ̀kù tó kàn lé e.